Ìyàwó Tó Jí Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Gbé

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló fi wọlé. Olùpẹjọ́ wọ bàtà sí ẹsẹ̀ òsì, ó fi ọ̀tún lásán tẹ ilẹ̀. Olùjẹ́jọ́ tẹ̀ lé e, bàtà wà ní ọ̀tún tirẹ̀, òsì ló wà níhòòhò. Èmi akọ̀wé ààfin, ó ti di ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń kọ ẹjọ́ sílẹ̀, mo sì mọ ẹjọ́ tí yóò pẹ́ tí mo bá rí i. Nígbà tí ọkọ àti ìyàwó bá pín bàtà kan wọ, kí akọ̀wé yáa wá bíró kejì sílẹ̀.

Kábíyèsí ti jókòó. Àwọn ìjòyè ti tò. Ọ̀kan wà nínú wọn tí a ń pè ní Ìjòyè Mo-Ti-Sọ-Ọ́, nítorí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ rí láyé yìí tí kò ní òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Òun náà ti fọwọ́ lẹ́rán.

"Kí ló dé?" Kábíyèsí béèrè.

Baba Oníbàtà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ìyàwó mi ló jalè."

"Kí ló jí?"

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, Kábíyèsí."

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún ta?"

"Ti gbogbo ìlú."

"Mo ti sọ ọ́," ni Ìjòyè Mo-Ti-Sọ-Ọ́ wí.

"Kí lo sọ?"

"Pé nǹkan máa sọnù, Kábíyèsí."

Kí n là á yé yín díẹ̀. Tọkọtaya yìí ń rán bàtà nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé wọn, yàrá tó ń rùn fún awọ àti gọ́ọ̀mù, láti ọdún mọ́kànlélógún. Ọkọ ló ń rán òsì, ìyàwó ló ń rán ọ̀tún. Kò sí èyí tó rán ti ẹnìkejì rẹ̀ rí. Ìlú ò rí ohun tó burú níbẹ̀, torí bàtà wọn kì í já.

Àfìgbà tí ìrànlọ́wọ́ dé láti òkè òkun. Orílẹ̀-èdè méjì tí wọn kì í sábà kí ara wọn ló fi ètò ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ kí ọjà wa lè tó ohun tí í bá ọjà gbogbo ayé díje. Ètò kan wà fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ọkọ gba ibẹ̀ lọ. Èkejì wà fún àwọn obìnrin oníṣòwò, ìyàwó gba ibẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n fún wọn ní bisikíìtì, wọ́n fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n padà sílé, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

"Ṣàlàyé ara rẹ," Kábíyèsí sọ fún ọkọ.

"Kábíyèsí, oníbàárà kan ní òkè òkun ní ká rán ọgọ́ta bàtà fún òun. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí nílùú yìí. Ọkọ̀ tó máa kó o ń bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Bí ọkọ̀ bá dé tí kò bá nǹkan, oníbàárà náà ní ìlú mìíràn lòun máa lọ, òun ò sì ní padà wá mọ́ láéláé. Èmi ti rán ọgọ́ta tèmi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ló wá kù?"

"Òsì ni gbogbo ọgọ́ta náà, Kábíyèsí."

Àwọn ìjòyè wo ara wọn lójú.

"Ọ̀tún wọn dà?"

"Ó wà nínú àpótí rẹ̀. Ó tì í pa, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn. Mo ní kó kó o fún mi, ó ní kí n kọ̀wé wá."

"Kí o kọ̀wé sí ta?"

"Sí òun, Kábíyèsí! Ó ní òun máa dá mi lóhùn láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Yàrá kan náà la jọ wà! Tí mo bá sín, òun ló ń kí mi pé pẹ̀lẹ́!"

Kábíyèsí yíjú sí ìyàwó.

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ìyàwó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Irọ́ gbuu ni, Kábíyèsí. Ọjọ́ méje ni mo sọ. Ọjọ́ mẹ́rìnlá wà fún ẹni tí ò bá fi fọ́tò mọ́ ọn."

"O jí ẹsẹ̀ ọ̀tún àbí o ò jí i?"

"Ẹ gbà mí o! Báwo lèèyàn ṣe ń jí ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe? Níbi ètò tí mo lọ ni wọ́n ti kọ́ mi. Wọ́n ní: mọ olùdíje rẹ. Má fi àṣírí iṣẹ́ rẹ hàn án. Má sì fi ọjà rẹ lé e lọ́wọ́."

"Ọkọ rẹ ló wá di olùdíje rẹ?"

"Kábíyèsí, fọ́ọ̀mù ni wọ́n fún wa. Fọ́ọ̀mù béèrè pé, ta ni olùdíje rẹ tó sún mọ́ ọ jù lọ? Mo ronú títí orí fi ń fọ́ mi. Mo yíjú báyìí, olùdíje ń hanrun lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ta ló tún sún mọ́ mi ju ìyẹn lọ?"

Kábíyèsí họ irùngbọ̀n rẹ̀.

"Kò tán síbẹ̀, Kábíyèsí," ọkọ pariwo. "Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sáàárín tábìlì wa."

"Òun ló fa ilà! Èmi kàn tún un fà kó lè tọ́ ni."

"Òòlù bọ́ sápá tèmi, ìṣó bọ́ sápá tirẹ̀. Ó kọ̀, kò fún mi níṣòó."

"Kí lo wá fi ń kan bàtà?" Kábíyèsí béèrè.

"Gọ́ọ̀mù ni, Kábíyèsí. Mo máa ń fi òòlù lù ú kó lè dà bí iṣẹ́."

"Ìwọ tí kò ní òòlù ńkọ́?"

"Ọmọ odó ni mo fi ń kan ìṣó."

"Mo ń he ìṣó nínú ọbẹ̀ báyìí, Kábíyèsí! Méjì ni mo he lọ́jọ́ Àìkú!"

"Ìyẹn kọ́ ló gbé wa wá síbí," ìyàwó dá a lóhùn. "Kó lọ pe ẹjọ́ ti ọbẹ̀ lọ́tọ̀."

Wọ́n ní kí ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ wọlé. Apínlẹ́tà ìlú ni, ọkùnrin gíga kan tó máa ń rìn kíákíá tẹ́lẹ̀. Ó ń tọ wọlé lórí ẹsẹ̀ kan bí ológoṣẹ́.

"Ẹlẹ́rìí ta ni ọ́?"

"Ẹlẹ́rìí Baba Oníbàtà ni mí, Kábíyèsí. Ìyàwó yìí burú. Mo ra òsì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, mo lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ ra ọ̀tún. Ó ní òun ò tà á fún mi torí mo wọ ọjà olùdíje wọ ṣọ́ọ̀bù òun."

"Ṣọ́ọ̀bù wo? Ṣebí inú yàrá kan náà ni wọ́n wà?"

"Mo kàn ré kọjá ilà ṣọ́ọ̀kì ni, Kábíyèsí."

"Ọkọ wá ṣe ọ́ dáadáa?"

"Ta ni? Ọ̀dájú lèyí! Mo ní kó gba òsì rẹ̀ padà. Ó ní òun kì í gba ọjà padà, kí n lọ wá ẹni tó ní ẹsẹ̀ òsì nìkan, kí n tà á fún un."

"Ẹlẹ́rìí ìyàwó lo wá jẹ́ nìyẹn."

"Rárá o! Ìyàwó ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí."

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ẹlẹ́rìí ta gan-an ni ọ́?"

"Ẹlẹ́rìí ẹsẹ̀ mi ni mí, Kábíyèsí. Òpópónà méjìlá ni mò ń rìn lójúmọ́. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ kan, kò sí lẹ́sẹ̀ kejì. Mo ti ń yà sápá kan. Tí mo bá gbéra tí mo ní mò ń lọ tààrà, ilé tí mo ti gbéra ni mo tún máa ń bá ara mi."

Ìjòyè Mo-Ti-Sọ-Ọ́ dìde fùú.

"Lẹ́tà tí mò ń retí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?"

"Apá ọ̀tún nilé yín wà, bàbá. Mi ò lè yà sápá ọ̀tún mọ́."

"Mo ti sọ ọ́," ni ìjòyè wí, ó sì jókòó. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló sọ.

Kábíyèsí ní kí àwọn olùkọ́ ètò méjèèjì bọ́ síwájú. Ọkùnrin tó kọ́ ọkọ ni a ń pè ní Ọ̀gá Onítáì, torí táì rẹ̀ gùn débi ìgbànú. Obìnrin tó kọ́ ìyàwó ni Màdámù Onífáìlì, ó kó fáìlì mẹ́rin sáyà bí ẹni gbé ọmọ. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà wá, wọn ò wo ara wọn lójú.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọkùnrin yìí pé kó bá ìyàwó rẹ̀ díje?"

"Rárá, Kábíyèsí," ni Ọ̀gá Onítáì wí. "Àwọn oníbàtà ilẹ̀ òkèèrè la ní kó bá díje. A yà á sára ògiri fún wọn. A ya ọfà sí i. Ọfà náà ń lọ sókè."

"Ṣé ẹ sọ ọ́ lẹ́nu pé ilẹ̀ òkèèrè ni?"

"A ní kí wọ́n wo ọfà, Kábíyèsí."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Màdámù?"

"Àwa ò lo ọfà rárá, Kábíyèsí. Bọ́ọ̀lù aláwọ̀ oríṣiríṣi la lò. Tiwa yéni ju tiwọn lọ."

"Ọfà lèèyàn ń rí kedere!" ni Ọ̀gá Onítáì kígbe.

"Ẹ dákẹ́!" ni Kábíyèsí pàṣẹ. Ó wo ọkọ. "Ìwọ tó o mẹ́jọ́ wá, ìwọ náà ṣáà gba fọ́ọ̀mù. Ta lo kọ síbẹ̀?"

Baba Oníbàtà wúkọ́. "Ó ti pẹ́, Kábíyèsí. Mi ò rántí."

"Ó wà lọ́wọ́ mi níbí," ni Ọ̀gá Onítáì wí, ó sì kà á sókè ketekete, ọkùnrin tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kó panu mọ́. "Olùdíje mi: ìyàwó mi. Ibi tó lágbára sí: ó ń rán ọ̀tún dáadáa ju bí mo ṣe ń rán òsì lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kó mọ̀. Ibi tí kò lágbára sí: iyọ̀ ọbẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀. Déètì rẹ̀ nìyí, Kábíyèsí, ó fi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ti ìyàwó."

Ariwo sọ. Olùpẹjọ́ ló kọ́kọ́ pe ìyàwó rẹ̀ ní olùdíje! Kí Màdámù Onífáìlì má bàa gbẹ́yìn, òun náà ṣí fáìlì tirẹ̀.

"Olùdíje mi: ọkọ mi. Ibi tó lágbára sí: ẹnu. Ibi tí kò lágbára sí: ẹnu yẹn náà ni. Àǹfààní tí mo ní: ó máa ń sùn lọ́sàn-án. Ewu tó wà níbẹ̀: ó máa ń jí."

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi mú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dání. Ṣùgbọ́n ìyàwó ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo fọ́ọ̀mù tó wà lọ́wọ́ Ọ̀gá Onítáì bí ẹni wo lẹ́tà ikú tàbí lẹ́tà ìfẹ́, kò tíì mọ èwo ni.

"Ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà," ni ó wí.

"Ti iyọ̀?"

"Ti ọ̀tún."

Ó tún un kà. Obìnrin náà bú sẹ́kún.

"Ọdún mọ́kànlélógún, Kábíyèsí! Kò fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi rí. Ó wá lọ sọ ọ́ fún fọ́ọ̀mù! Ẹ ní mo ti àpótí pa. Mo tì í. Ẹ lọ wo pátákó tó wà lójú ọ̀nà wa. 'Baba Oníbàtà àti Àwọn Ọmọkùnrin Rẹ̀.' Ọmọbìnrin mẹ́ta la bí! Kò sọ́kùnrin kankan nílé yẹn ju òun nìkan lọ. Ó kọ ọmọ tí ò sí sára pátákó, ó yọ ìyàwó tó wà ńbẹ̀ kúrò. Ó dùn mí, Kábíyèsí. Ojoojúmọ́ tí mo bá ń kọjá lábẹ́ pátákó yẹn ló ń dùn mí."

Ọkọ doríkodò.

"Ẹni tó kọ pátákó ló ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn níbi gbogbo," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"O ò sì lẹ́nu láti sọ pé ìyàwó lo ní?"

Èmi gbàgbé láti kọ̀wé, mo ń rántí ẹni tó ń lọ aṣọ iṣẹ́ mi ní àràárọ̀ tí mi ò kí pé kú iṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ọkọ, wọlé láìjẹ́ pé ẹnì kankan pè é. Ó wá àga tó dára jù, ó jókòó, ó fa bébà kan yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ ara rẹ̀.

"Ìyá, ẹ káàbọ̀," ni Kábíyèsí wí. "Ẹ̀yin la gbọ́ pé ẹ kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kọ́ ọ̀kan lósì, tẹ́ ẹ kọ́ ìkejì lọ́tùn-ún? Níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Kò síbì kankan, Kábíyèsí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

"Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é?"

"Mo kọ́ ọmọ mi lósì. Ó ku kí n kọ́ ọ lọ́tùn-ún, ó mú ìyàwó wálé. Mo wo ọmọ mi. Èmi ni mo bí i, mo mọ̀ pé ó máa ń bínú jáde nílé. Mo wo ọmọbìnrin náà, òun náà ò gba gbẹ̀rẹ́. Mo ní, tí mo bá kọ́ ẹnì kan ní méjèèjì, ọdún kan ò ní pé tí ẹnì kan á fi kó irinṣẹ́ lọ. Mo bá pín in fún wọn. Ẹni tó bá bínú jáde, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló mú lọ. Ta ló máa rà á?"

"Ẹ wò ó!" ni ọkọ pariwo. "Màámi, ẹ ní ọ̀tún le fún ọkùnrin láti rán!"

"Mo purọ́, ọmọ mi. Ó ti di ọdún mọ́kànlélógún tẹ́ ẹ ti jọ wà." Ó wo àwọn olùkọ́ méjèèjì. "Ẹ̀yin, ètò tiyín máa ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀gá Onítáì tún táì rẹ̀ ṣe. "Tiwa, ọdún méjì ni, Ìyá."

"Tiwa lè tó mẹ́ta," ni Màdámù Onífáìlì wí, "tí wọ́n bá sún un síwájú."

Kábíyèsí ní kí wọ́n mú òsì kan wá nínú ọgọ́ta ti ọkọ. Ó ní kí ìyàwó tú kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, kí wọ́n mú ọ̀tún kan wá. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Kábíyèsí wọ méjèèjì, ó dìde, ó gbé ìṣísẹ̀ kan, ó gbé ìkejì, ó kọsẹ̀. Ìjòyè méjì ló gbá a mú.

"Ta ló rán èyí?" ni Kábíyèsí bú ramúramù. "Òsì yìí ti dé ibi tí mò ń lọ kí n tó gbéra!"

Wọ́n to bàtà méjèèjì sórí tábìlì mi. Iwájú òsì fi odindi ìka kan gùn ju ọ̀tún lọ. Tọkọtaya bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú wọn ti yàtọ̀. Wọ́n mú òsì mìíràn wá, wọ́n mú ọ̀tún mìíràn wá. Bákan náà ni. Ọgọ́ta òsì àti ọgọ́ta ọ̀tún, kò sí méjì tó bára mu nínú wọn.

"Nọ́mbà wo lẹ rán?"

"Mẹ́jọ!" ni ọkọ àti ìyàwó wí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Mẹ́jọ wo?"

"Èyí tí wọ́n kọ́ wa níbi ètò!"

Kábíyèsí yíjú sí àwọn olùkọ́. Kíá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fa rúlà ètò tirẹ̀ yọ, èyí tí wọ́n ń fi wọn ẹsẹ̀. Mẹ́jọ ti ibí gùn, mẹ́jọ ti ọ̀hún kúrú.

"Mẹ́jọ tiwa ni mẹ́jọ gidi," ni Ọ̀gá Onítáì wí.

"Ẹ jọ̀ọ́! Mẹ́jọ tiyín ni wọ́n ń wọ̀ tí ìka ń ṣeré nínú rẹ̀!"

"Tiyín ni wọ́n ń wọ̀ tí ìka ń sunkún!"

"Ẹ gbọ́ ná," ni Kábíyèsí wí. "Ẹni tó fẹ́ ra bàtà yìí, orílẹ̀-èdè ta ló ti wá nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Wọ́n rọra ti rúlà wọn padà sápò.

"Orílẹ̀-èdè mìíràn ni, Kábíyèsí," ni Màdámù Onífáìlì wí nígbẹ̀yìn.

"Báwo ni mẹ́jọ tirẹ̀ ṣe gùn tó?"

Ìyàwó ló dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ó fi bébà kan ránṣẹ́ nínú lẹ́tà, Kábíyèsí. Ó gé e bí àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ní kó gùn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n baba àwọn ọmọ mi ní ẹni tó ti gbàwé ẹ̀rí kì í fi bébà wọn bàtà mọ́."

"Ìwọ náà ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo sọ ọ́," ni ìyàwó gbà.

"Bébà náà dà?" Kábíyèsí béèrè.

Wọ́n wo ara wọn. Ọkọ ní òun rí i kẹ́yìn lábẹ́ tábìlì, ìyàwó ní ó wà lórí ilà ṣọ́ọ̀kì, kò sí nínú ọjà òun, òun ò sì fọwọ́ kàn án. Gbogbo àsìkò yìí, Ìyá Àgbà ń fẹ́ ara rẹ̀ lọ ní tirẹ̀, fẹ̀ẹ̀, fẹ̀ẹ̀, fẹ̀ẹ̀. Mo wo abẹ̀bẹ̀ náà. Ó ní gìgísẹ̀.

"Ìyá, ẹ dákun," ni mo wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akọ̀wé kì í sọ̀rọ̀, "kí lẹ fi ń fẹ́ ara yín?"

"Èyí? Mo rí i nílẹ̀ nígbà tí mò ń gbálẹ̀ yàrá wọn ni. Kò burú o, ó ń fẹ́ atẹ́gùn dáadáa."

Kábíyèsí fúnra rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ ìyá. Ó gbé e lé ọ̀tún. Ó bá a mu wẹ́kú. Ó gbé e lé òsì. Ìka kan ṣẹ́ kù síta.

Baba Oníbàtà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà.

"Mo gbé," ni ó wí. "Ọgọ́ta òsì. Ajé la wà yìí. Ẹtì lọkọ̀ ń bọ̀. Kábíyèsí, mo gbé o!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ mú òsì kan lórí tábìlì, ó fi ìka wọn iwájú rẹ̀.

"A lè gé iwájú rẹ̀," ni ó wí. "Ká tún etí rẹ̀ rán. Èèyàn kan ò lè ṣe é tán kó tó di Ẹtì."

"Mo ti sọ ọ́," ni Ìjòyè Mo-Ti-Sọ-Ọ́ wí. Kábíyèsí ní kí wọ́n mú un jáde.

Ó wá na ọ̀pá àṣẹ sókè, gbogbo ilé pa rọ́rọ́.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́ mi. Olè ò sí níbí, òmùgọ̀ ló pọ̀. Ẹ so ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkọ mọ́ ẹsẹ̀ òsì ìyàwó báyìí, kó le dáadáa. Ẹsẹ̀ òsì ló kù fún ọkọ, ọ̀tún ló kù fún ìyàwó. Kí kálukú wọ èyí tó rán. Bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe rìn délé, bẹ́ẹ̀ lẹ ó sì jókòó ti iṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, tí akọ̀wé mi á wá tú yín. Ìyàwó ni yóò mú ọ̀bẹ tí wọn ó fi gé òsì, ọkọ ni yóò dì í mú fún un, kó sì máa kí i pé kú iṣẹ́ ní orí bàtà kọ̀ọ̀kan. Ọgọ́ta ìgbà, kí wọ́n kà á. Ẹ pa àwọn ọmọkùnrin yẹn rẹ́ lára pátákó, a ò tíì bí wọn. Kí ẹ kọ ìyàwó síbẹ̀. Lẹ́tà tirẹ̀ ò sì gbọdọ̀ fi ìka kan kúrú ju ti ọkọ lọ, ká má tún padà síbí."

"Kábíyèsí o!" ni gbogbo wa wí.

"N kò tíì tán. Ẹ fún apínlẹ́tà yìí lọ́tùn-ún rẹ̀ lónìí, ìlú ti kún fún lẹ́tà tó sọnù. Ọ̀gá Onítáì, ẹ bọ́ bàtà ẹsẹ̀ yín. Òsì méjì lẹ ó wọ̀ láti ìsinsìnyí títí di Ẹtì. Màdámù, ọ̀tún méjì ni tiyín. Ẹ kó o nínú àlòkù ilé wọn, ẹ má fọwọ́ kan ọgọ́ta yìí. Ẹ ó sì jọ jókòó, ẹ ó kọ ìròyìn kan ṣoṣo, ẹ ó fi ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè yín méjèèjì."

Àwọn olùkọ́ ti gba bàtà láìjanpata. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n gbọ́ ti ìròyìn kan ṣoṣo, Ọ̀gá Onítáì wó lulẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹ ṣàánú wa! Ìròyìn kan? Àwa méjèèjì? Ẹ kúkú fi òsì mẹ́rin wọ̀ mí!"

"Ta lorúkọ rẹ̀ máa ṣáájú?" ni Màdámù Onífáìlì ń béèrè, omi ti lé ròrò lójú rẹ̀. "Ọfà la máa fi sí i àbí bọ́ọ̀lù?"

Kábíyèsí ò dá wọn lóhùn. Ó ti wọlé lọ.

Wọ́n fi awọ so ẹsẹ̀ tọkọtaya pọ̀. Ó ku kí wọ́n jáde, ọ̀nà náà ò ju ìṣísẹ̀ ogún lọ sí ẹnu géètì. Ọkọ dúró gangan, ó pàṣẹ bó ṣe máa ń pa á nílé.

"Òsì!" ni ó kígbe. Àwọn méjèèjì gbé òsì. Wọ́n ṣubú.

Wọ́n dìde, wọ́n gbọn eruku nù.

"Ọ̀tún!" ni ìyàwó kígbe. Àwọn méjèèjì gbé ọ̀tún. Wọ́n tún ṣubú, ọkọ fara gbá ògiri.

"Ìwọ ló yẹ kó o gbọ́ tèmi!"

"Rárá, ìwọ ni kó o gbọ́ tèmi!"

Ìyá Àgbà ti ń rìn lọ níwájú, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Kí kálukú gbé ẹsẹ̀ tó ń rán!" ni ó wí.

Wọ́n dúró díẹ̀. Ọkọ gbé òsì, ìyàwó gbé ọ̀tún, lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò ṣubú. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tí a so pọ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n tún ṣe é. Wọ́n rìn jáde ní ààfin báyìí, tí ọmọ kékeré tó ń tẹ ilẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ì bá sàn jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń lọ.

Mo dé ibẹ̀ nírọ̀lẹ́ láti tú wọn bí Kábíyèsí ṣe wí. Ìyàwó ń gé, ọkọ ń dì í mú, ó ń ka ìkẹtàlá: "Kú iṣẹ́ o." Ohùn rẹ̀ ti há. Mo sọ pé mo wá tú awọ ẹsẹ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ mi nínú wọn, mo bá fi wọ́n sílẹ̀, mo ní màá padà láàárọ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo padà débẹ̀. Awọ náà ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan náà nídìí tábìlì, ẹnì kan gbé òòlù, ẹnì kan gbé ìṣó sẹ́nu.

"Ẹ ò tíì tú u?" ni mo béèrè. "Àṣẹ Kábíyèsí ti parí láti àná."

Ọkọ wo ìyàwó. Ìyàwó yọ ìṣó kúrò lẹ́nu.

"Ta ló ráyè?" ni ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ kúrò níbi ìmọ́lẹ̀."